Ilé Ẹ̀rọ Ìlọkà Orí Òkè Brixton àti Àwọn Tí Ó Jí I Dìde

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a máa ń ra iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Brixton, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ni kò mọ̀ pé bí ènìyàn bá gun òkè tí wọ́n ń pè ní Brixton Hill lọ díẹ̀, tí ó sì yà sí òpópónà kékeré kan tí ń jẹ́ Blenheim Gardens, yóò bá ilé gogoro kan níbẹ̀. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi kùn ún láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì na apá mẹ́rin sí ojú ọ̀run. Ẹ̀rọ ìlọkà ni. Afẹ́fẹ́ ni ó ń yí i nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní ọdún 1816. Ó ti lé ní igba ọdún báyìí, síbẹ̀ ìyẹ̀fun àlìkámà ṣì ń jáde láti inú rẹ̀, àwọn tí ó sì ń lọ̀ ọ́ kì í gba kọ́bọ̀. Àwọn ará àdúgbò tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti tún ilé yìí ṣe. Àtúnṣe àkọ́kọ́ lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò tọ́jọ́. Ìdí tí kò fi tọ́jọ́, àti ìdí tí ẹlẹ́ẹ̀kejì fi dúró di òní, ni ó mú wa kọ àròkọ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹni tí ó ní ohun àtijọ́ tí ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá láyé.

Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, Brixton kì í ṣe ìgboro. Oko ni, pápá ni, abẹ́ agbègbè Surrey ni ó sì wà. Orí òkè náà gba afẹ́fẹ́ dáadáa, kò sí ilé alájà tí ó dí i lọ́wọ́. Ní ọdún 1817, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Ashby gba ẹ̀rọ náà ní háyà. Ìdílé rẹ̀ ni ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí, orúkọ wọn ni àwọn ènìyàn sì ṣì fi ń pè é. Ìyẹ̀fun tí a kò yọ èérí rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú rẹ̀ ná. Gbogbo wa ni a mọ ọlọ. Ìyá ọlọ a dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ọmọ ọlọ a máa lọ síwá-sẹ́yìn lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Ti Òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àfi pé ọmọ ọlọ tiwọn tóbi tó ìyá rẹ̀. Ó rí róbótó bí táyà ọkọ̀ ẹrù, ó lè wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, òòyì ni ó sì ń kọ́ lórí ìyá rẹ̀. Ihò wà ní àárín ọmọ ọlọ yìí tí wóró ọkà ń gbà wọlé. Lójú òkúta méjèèjì, ní ibi tí wọ́n ti kọjú síra wọn, wọ́n gbẹ́ poro sí i bí poro inú oko. Poro wọ̀nyí ni ó ń gé wóró ọkà, àwọn náà ni ó sì ń ti ìyẹ̀fun lọ sí etí òkúta títí yóò fi dà sílẹ̀. Òkúta méjèèjì kò gbọdọ̀ fara kan ara wọn. Àyè tí ó wà láàárín wọn kò ju ìnípọn ìwé lọ. Bí ó bá fẹ̀ jù, ọkà kò ní kúná. Bí ó bá há jù, ìyẹ̀fun yóò gbóná, adùn rẹ̀ yóò lọ, bí òkúta bá sì ha òkúta, iná lè ṣẹ́. Ẹlẹ́rọ kì í fi ojú mọ èyí. Yóò tẹ́ ọwọ́ sí ibi tí ìyẹ̀fun ti ń dà, yóò fi àtàǹpàkò rà á lórí ìka, yóò sì mọ̀ bóyá kí ó gbé òkúta sókè tàbí kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Agbára tí ń yí òkúta náà, láti òkè ni ó ti ń wá. Apá mẹ́rin ìta ń yí ọ̀pá ńlá kan tí ó sùn sábẹ́ òrùlé. Kẹ̀kẹ́ ńlá eléyín wà lára ọ̀pá yìí, eyín rẹ̀ wọ inú eyín kẹ̀kẹ́ mìíràn tí ó wà lórí ọ̀pá òòró, ọ̀pá òòró náà sì sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ọlọ wà. Ìmọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó dùn mọ́ wa: àwọn àgbà oníṣẹ́ náà a máa jẹ́ kí eyín igi pàdé eyín irin. Wọn kì í sábà lo irin sí irin. Bí nǹkan bá há kẹ̀kẹ́ lẹ́nu, eyín igi ni yóò kọ́kọ́ kán, káfíńtà yóò sì gbẹ́ òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá jẹ́ irin ni ó kán, odidi kẹ̀kẹ́ ni ó bàjẹ́ yẹn.

Bí ojú ọlọ bá dán, iṣẹ́ dé nìyẹn. Nílé, àwọn ìyá wa a máa fi òkúta líle gún un díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi mú padà. Ní ilé ẹ̀rọ, wọ́n ní láti gbé ọmọ ọlọ kúrò lórí ìyá rẹ̀, kí wọ́n dojú rẹ̀ dé òkè, kí wọ́n sì fi irin ẹlẹ́nu mímú gbẹ́ poro rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òkúta tí wọ́n kà sí jù fún àlìkámà ń wá láti La Ferté-sous-Jouarre ní ilẹ̀ Faransé. Òun náà kì í ṣe odindi: wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń wa á, wọn a tò ó pọ̀, wọn a sì fi òrùka irin dè é bí àgbá. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ gbígbẹ́ yìí kò wọ́pọ̀ mọ́ rárá.

A kò lè sọ ìtàn ọkà lílọ̀ ní Brixton kí a má mẹ́nu kan ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìtòsí ẹ̀rọ Ashby ni wọ́n kọ́ ọ sí, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1820. Ní 1821, William Cubitt ṣe ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri: àgbá gígùn tí ó ní ìgbésẹ̀ lára bí àtẹ̀gùn. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n a tò sórí rẹ̀, wọn a máa gùn ún, àgbá a sì máa yí lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, nítorí náà kò sí ibi tí wọ́n ń gùn dé. Ọlọ ni ó ń yí. Ọkà ni ó ń lọ̀. Cubitt yìí kan náà, ọmọ ẹlẹ́rọ láti Norfolk, ni ó ti ṣe apá tuntun fún ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ní 1807, èyí tí ó ní pátákó pẹlẹbẹ tí ń ṣí tí ó sì ń pa bí afẹ́fẹ́ bá ti ń le sí. Ọgbọ́n kan náà ni ó fi ran ẹlẹ́rọ lọ́wọ́ tí ó sì fi dá ẹlẹ́wọ̀n lágara. Lórí òkè kan ṣoṣo, afẹ́fẹ́ ń lọ ọkà fún Ashby, ẹsẹ̀ ènìyàn ń lọ ọkà fún ìjọba.

Irú àgbá bẹ́ẹ̀ kò dúró sí Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn tí òfin ti sọ àwọn ẹrú Jàmáíkà di òmìnira lórúkọ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1834, tí wọ́n sì ní kí wọ́n ṣì máa sin olówó wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́, orí àgbá yìí ni wọ́n ń kó wọn gùn bí olówó bá fẹjọ́ sùn. James Williams, ọ̀kan nínú wọn, sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé ní 1837. Ọmọ-ọmọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ó pọ̀ ní Brixton láti ìgbà tí ọkọ̀ Windrush ti dé ní 1948. Òfin ọdún 1898 ni ó mú àgbá náà kúrò nínú ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A rò pé ó yẹ kí ọmọ tí ó bá lọ wo ẹ̀rọ àwọn Ashby gbọ́ èyí pẹ̀lú.

Ilé ni ó kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ Brixton. Bí Lọ́ńdọ̀nù ti ń gbòòrò, ilé ń yọ káàkiri òkè náà, afẹ́fẹ́ kò sì rí ọ̀nà mọ́. Ní 1862, àwọn Ashby kó iṣẹ́ wọn lọ sí Mitcham, níbi tí odò Wandle ti ń yí ẹ̀rọ. Wọ́n yọ apá ti Brixton ní 1864, wọ́n sì sọ ilé náà di ibi ìkẹ́rùsí. Kí ó tó di òpin ọ̀rúndún náà, ohun tí ó le ju ilé lọ ti dé: ẹ̀rọ tuntun tí kò lo òkúta rárá, irin gbọọrọ tí ń yí ni ó fi ń tẹ ọkà fọ́. Wọ́n ń kọ́ ọ sí etí òkun, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já àlìkámà Amẹ́ríkà àti Kánádà sílẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun dé, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ọgọ́ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rọ abúlé ti ilẹ̀kùn.

Joshua Ashby, ọmọ-ọmọ John, kò ti tirẹ̀. Nígbà tí àkókò háyà Mitcham parí ní 1902, ó padà sí Brixton. Kò dá apá padà sí i, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ tí apá yóò gbà. Ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ní ọlọ nínú àpótí irin ni ó rà, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń lọ oúnjẹ ẹran, ó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì tí ooru omi ń lé, lẹ́yìn náà ó lo ti gáàsì. Èyí ni ó fi ń lọ ìyẹ̀fun fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1934 ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà ra ilé náà ní 1957. Ní 1964 wọ́n fi apá tuntun sí i, wọ́n sì lọ tú kẹ̀kẹ́ àti ọ̀pá láti inú ẹ̀rọ mìíràn tí ó ti di ahoro ní Burgh le Marsh, ní Lincolnshire, wọ́n kó o wá sí Brixton. Wọ́n ṣí i fún ará ìlú ní 1968. Ní 1971 ó bọ́ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Lambeth. Ẹni tí ó bá kọjá ní ìta yóò rí i pé ẹ̀rọ náà tún ní apá, yóò sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò padà di ibi iṣẹ́. Ère ni, ère tí ó tóbi.

Ère òkúta lè dúró nínú òjò fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Ti igi kò lè dúró. Apá ẹ̀rọ tí kì í yí, omi òjò a máa dárò sí oríkèé rẹ̀ kan náà lọ́dọọdún títí yóò fi jẹrà. Ọ̀pá tí ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀rá pa a dípẹtà. Ẹyẹlé a wọlé, wọn a kọ́ ìtẹ́. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ìlẹ̀kùn ti di títì, orúkọ ilé náà sì wọ inú àkọsílẹ̀ àwọn ilé àtijọ́ tí ó wà nínú ewu. Ẹ má gbàgbé pé òfin dáàbò bo ilé yìí ní gbogbo ìgbà náà. Ó wà ní ipò kejì sí èyí tí ó ga jù lọ nínú ètò wọn. Ìwé òfin kì í bo òrùlé. Àwa tí a mọ Èkó kò ní ṣe àríyànjiyàn lórí èyí. Ilé Ilọ́jọ̀ tí àwọn Fernandez, ìdílé Àgùdà, kọ́ sí Tinúbú Square, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n fi katakata wó o.

Ní 2003, àwọn ará àdúgbò Brixton dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Friends of Windmill Gardens. Ọdún méje kọjá kí owó ńlá tó jáde. Àkókò yìí ni ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ ka ìtàn rẹ̀: ìpàdé, lẹ́tà, ìwé ìbéèrè owó, ká ilẹ̀ ọgbà mọ́, ká mú ọmọ ilé ìwé wá wo ilé tí wọn kò lè wọ̀. Iṣẹ́ tí kò ní ariwo nìyẹn, òun náà sì ni ìpìlẹ̀. Ní 2010, àjọ tí ń pín lára owó lọ́tìrì fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, Heritage Lottery Fund, fún wọn ní bí £400,000. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọlé, wọ́n tún bíríkì, òrùlé àti apá ṣe. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 2011, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn padà.

Títí dé ibí, ìtàn náà jọ ti 1964. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n yàn láti fi lọ ọkà. Apá mẹ́rin ìta ni gbogbo ènìyàn ń ya fọ́tò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kẹ̀kẹ́ eléyín inú òkè dùn ún wò. Ṣùgbọ́n apá kò sí lára ilé náà láti 1864 títí di 1964, Lincolnshire ni wọ́n sì ti tú kẹ̀kẹ́ wọ̀nyẹn wá. Àpótí irin tí Joshua rà ní 1902, tí kò lẹ́wà, tí bẹ́líìtì ń yí, òun ni ẹ̀rọ tí ìdílé Ashby fi ọwọ́ ara wọn lò kẹ́yìn nínú ilé náà. Òun ni wọ́n tún ṣe tí ó fi ń lọ ọkà lónìí. Mọ́tò iná mànàmáná ni ó ń yí i. Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀tàn ni, pé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí ń lo iná NEPA ti Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mọ́. A kò gbà. Afẹ́fẹ́ ti kọ òkè náà sílẹ̀ kí a tó bí ẹnikẹ́ni tí ó wà láyé lónìí, Joshua gan-an kò sì lò ó. Bí ẹlẹ́rọ tí ó gbẹ̀yìn bá lo ẹ́ńjìnnì, òtítọ́ ni kí àwọn tí ó tẹ̀ lé e lo mọ́tò. Irọ́ ni yóò jẹ́ bí wọ́n bá ń lọ ọkà nínú yàrá ìsàlẹ̀ tí wọ́n sì ń pe àwọn àlejò pé kí wọ́n wo bí afẹ́fẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà tí ọlọ ti ń yí, ilé náà ní ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹnìkan ní láti kọ́ bí a ti ń dá ọkà sí i níwọ̀n, bí a ti ń tẹ́tí sí ìró òkúta, bí a ti ń fi àtàǹpàkò dán ìyẹ̀fun wò. Ẹnìkan ní láti gbá ilẹ̀ kí eku àti kòkòrò má bàa ráyè, kí wọ́n wọn ìyẹ̀fun sínú àpò, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí òfin oúnjẹ má bàa mú wọn. Ẹlòmíràn ní láti mú àlejò gun àkàsọ̀ tí ó dúró ṣánṣán. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ọ̀dọ́ ni ó lè gun òkè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, àgbà tí ó ti bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ rí ni ó sì lè sọ pé ìró yẹn kò dára, ẹ pa á. Kò sí èyí tí a lè kọ́ lójú ìwé nínú wọn. Báyìí ni iṣẹ́ ṣe ń mú kí àwọn ènìyàn máa padà wá, tí àwọn ènìyàn sì ń mú kí òjò má rí ilé bà jẹ́. Ère 1964 kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀ láti pe ẹnikẹ́ni padà.

Wọn kò dá nìkan wà. Ẹgbẹ́ tí William Morris dá sílẹ̀ ní 1877 láti dáàbò bo ilé àtijọ́ ti ní ẹ̀ka fún ẹ̀rọ ìlọkà láti 1931, àwọn tí ó ṣì ń lo òkúta sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1987. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka gbogbo wọn sí eré àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ni àrùn Kòrónà dé ní 2020. Ẹ ó rántí pé ìyẹ̀fun tán lórí àtẹ ilé ìtajà. Àlìkámà kò tán o. Nínú 100 ìwọ̀n ìyẹ̀fun tí wọ́n ń lọ̀ ní Bìrìtéènì, bíi 4 péré ni ó ń wọ inú àpò kékeré tí a ń rà lọ sílé. Ìyókù ń lọ sí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì. Ilé iṣẹ́ ńlá ní ìyẹ̀fun rẹpẹtẹ, àpò kékeré ni wọn kò lè dì tó. Ní Sturminster Newton, ní Dorset, ilé ẹ̀rọ orí odò kan tí ó ti di ibi ìwòran padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún náà, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó sì ti lo ìwọ̀n ọkà tí ó máa ń lò ní odidi ọdún kan. Ní Brixton pẹ̀lú, àwọn ará àdúgbò rí ìyẹ̀fun rà níbi tí wọn kò ti ronú kàn tẹ́lẹ̀. Ohun tí ilé ẹ̀rọ kékeré mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ó fi ọwọ́ bu ìyẹ̀fun sínú àpò kan lẹ́ẹ̀kan, ohun tí àwọn ènìyàn sì nílò gan-an nìyẹn. Ní 2020 kan náà ni ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìpàdé ṣí.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ lọ, òpin ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù karùn-ún ni ọjọ́ àwọn ẹ̀rọ ìlọkà jákèjádò ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sì ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ wọ bàtà tí kò ní gìgísẹ̀, nítorí àkàsọ̀ náà kò mọ ẹni ńlá. Bí ẹ bá ra ìyẹ̀fun bọ̀, ó dára púpọ̀ fún búrẹ́dì. Fún pọ́fù-pọ́fù, èérí inú rẹ̀ a máa mú kí ó dúdú díẹ̀ kí ó sì wúwo. Ẹ fi ìyẹ̀fun funfun lú u ní ìlàjì, yóò wú.